Kí Ni Àwa Ń Ṣe Nígbà Náà?

Ọ̀rọ̀ kan ti ń jẹ mí lọ́kàn láti ìgbà díẹ̀ sẹ́yìn, n kò sì fẹ́ gbé e mì.

Ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ kan, mo jókòó ní ọ̀dẹ̀dẹ̀ ilé wa ní Fìdítì. Ọmọ àbúrò mi kan, tí ó wà ní ilé ẹ̀kọ́ girama, gbé ìwé ẹ̀kọ́ ìtàn rẹ̀ wá kí n bá a yẹ̀ ẹ́ wò nítorí pé ìdánwò ti kù sí dẹ̀dẹ̀. Ohun tí wọ́n kọ́ wọn ni àwọn ènìyàn pàtàkì, àwọn ẹ̀sìn àti àwọn ẹgbẹ́ aláṣẹ ayé ní Sànmánì Agbedeméjì, èyíinì ni nǹkan bí ẹgbẹ̀rún ọdún tí ó wà láàárín ọdún 500 sí 1500. Mo rí Póòpù níbẹ̀. Mo rí Charlemagne, tí Póòpù Leo Kẹta dé ládé ní Róòmù ní ọdún 800. Mo rí àwọn Kálífà Bàgídádì, Ogun Àgbélébùú, àti yunifásítì Bologna. Mo rí Mansa Musa, ọba Málì, tí ó rin ìrìn àjò hájì lọ sí Mẹ́kà ní 1324, tí ó sì ná wúrà ní Káírò títí iye wúrà fi já wálẹ̀ ní ọjà. Gbogbo rẹ̀ ni ó yẹ kí ọmọ mọ̀. Nígbà tí a ka ìwé náà tán, ọmọ náà wò mí lójú, ó ní: "Bàbá, kí ni àwa ń ṣe nígbà náà?" Kí n tó lanu, ó ti dá ara rẹ̀ lóhùn: "Wọ́n ní inú òkùnkùn ni àwọn baba wa wà."

N kò bínú sí ọmọ náà, n kò sì bínú sí olùkọ́ rẹ̀, nítorí ohun tí a fi kọ́ òun náà ni ó ń fi kọ́ ọmọ. Ohun tí ó dùn mí ni pé èmi tí mo ń pe ara mi ní oníṣẹ̀ṣe kò ní ìdáhùn tí ó gún régé lẹ́nu. Oríkì wà lẹ́nu mi, ṣùgbọ́n oríkì nìkan kò tó fún ọmọ tí yóò jókòó ṣe ìdánwò. Láti ọjọ́ náà ni mo ti ń wádìí, kí n lè dá a lóhùn pẹ̀lú ohun tí ó ṣe é fọwọ́ bà.

Ilé-Ifẹ̀ ni ìdáhùn náà ti bẹ̀rẹ̀. Ní 1938, àwọn tí ń gbẹ́ ìpìlẹ̀ ilé ní agbo ilé Wúnmọníjẹ̀, nítòsí ààfin, kan àwọn orí tí a fi idẹ àti bàbà rọ nínú ilẹ̀. Àwọn onímọ̀ gbà pé láàárín ọ̀rúndún kejìlá sí ìkẹẹ̀ẹ́dógún ni a ṣe iṣẹ́ ọnà wọ̀nyí. Ìda oyin ni oníṣẹ́ kọ́kọ́ fi mọ orí náà. Yóò fi amọ̀ bò ó, yóò fi iná yọ́ ìda dànù, kí ó tó da idẹ gbígbóná sí àyè tí ìda fi sílẹ̀. Ìbòjú Ọbàlùfọ̀n, tí ó wà ní ààfin Ọọ̀ni fún ọ̀pọ̀ ìran, jẹ́ bàbà tí ó fẹ́rẹ̀ẹ́ má ní àdàlù, bẹ́ẹ̀ ni bàbà bẹ́ẹ̀ sì ṣòro láti rọ ju idẹ lọ. Ní Ìgbó Olókun, àwọn awalẹ̀pìtàn tí Abídèmí Babátúndé Babalọlá ṣáájú wọn hú ìlẹ̀kẹ̀ gíláàsì tí ó lé ní 12,000 jáde, pẹ̀lú àfọ́kù ìkòkò tí a fi yọ́ gíláàsì. Àyẹ̀wò fi hàn pé láàárín ọ̀rúndún kọkànlá sí ìkẹẹ̀ẹ́dógún, àwọn ará Ifẹ̀ ń fi ohun èlò ilẹ̀ wọn ṣe gíláàsì ní ọ̀nà tiwọn, tí kì í ṣe ti Lárúbáwá tàbí ti Yúróòpù. Irú ìlẹ̀kẹ̀ yìí dé Gao ní ilẹ̀ Málì. Ẹni tí ó bá ti rí ṣẹ̀gi lọ́rùn ọlọ́jà tàbí lọ́rùn ọba yóò mọ ohun tí mò ń sọ.

Àwọn ìta ìlú náà ni a fi àpáàdì tò lẹ́sẹẹsẹ. Ìtàn Ifẹ̀ sọ pé Ọọ̀ni Lúwòó, tí ó jẹ́ obìnrin, ni ó ní kí a tò ó bẹ́ẹ̀. Kò sí ìlú tí ó lè rọ idẹ, kí ó yọ́ gíláàsì, kí ó tún tẹ́ ìta rẹ̀, láìsí ọba tí ń pàṣẹ, ẹgbẹ́ oníṣẹ́ ọwọ́ tí ń kọ́ ọmọ, ọjà tí ó ní òfin, àti ìbọ tí ó so gbogbo wọn pọ̀.

Ẹ jẹ́ kí n fi ọ̀kan kún un, èyí tí àwọn àlejò fúnra wọn kọ sílẹ̀. Ní nǹkan bí 1486, àwọn Potogí dé ilẹ̀ Ìbìní. João de Barros, òǹkọ̀wé wọn, kọ ọ́ sínú ìwé tí ó jáde ní 1552 pé ikọ̀ Ìbìní sọ fún ọba Potogí nípa ọba ńlá kan tí ń jẹ́ Ogané. Bí ọba tuntun bá gorí ìtẹ́ ní Ìbìní, ó gbọ́dọ̀ ránṣẹ́ sí Ogané pẹ̀lú ẹ̀bùn, Ogané yóò sì fi ọ̀pá, fìlà idẹ àti àgbélébùú idẹ ránṣẹ́ sí i. Láìsí wọn, àwọn ará ìlú kò ní ka ìjọba rẹ̀ sí. Kò sí ẹni tí ń rí ojú Ogané: ẹ̀yìn aṣọ ìkélé ni ó máa ń wà, ẹsẹ̀ rẹ̀ nìkan ni ó sì ń nà jáde fún àwọn ikọ̀ nígbà tí wọ́n bá ń dágbére. Àwọn Potogí rò pé wọ́n ti rí Prester John, ọba-àlùfáà Kristẹni tí Yúróòpù ti ń wá kiri láti ìran dé ìran. Ọ̀pọ̀ onímọ̀ gbà pé Ọọ̀ni ni Ogané. Àwọn kan ń jiyàn, nítorí ìwé náà ní ìlà oòrùn Ìbìní ni ó wà, Ifẹ̀ kò sì sí ní ìlà oòrùn Ìbìní. Ní tèmi, ìṣe náà wúwo ju ọ̀rọ̀ ìlà oòrùn lọ: Ìbìní àti Ifẹ̀ jọ sọ pé láti ọ̀dọ̀ Ọ̀rànmíyàn ni ìdílé ọba Ìbìní ti ṣẹ̀ wá, ibìkan sì wà ní Ilé-Ifẹ̀ tí a ń pè ní Ọ̀run Ọba Adó títí di òní. Bí Póòpù bá lè fi adé fún Charlemagne, kí ni ó ṣòro nínú pé ọba-àlùfáà kan ní ilẹ̀ wa ń fi àmì àṣẹ ránṣẹ́ sí ọba mìíràn?

Kí ló wá dé tí ìwé ọmọ náà kò fi sọ nǹkan kan nípa èyí? Apá kan ẹ̀bi náà wà lọ́wọ́ àlejò. Nígbà tí Leo Frobenius, ará Jámánì, dé Ifẹ̀ ní 1910, tí ó rí ẹwà àwọn ère wa, ó ní àwọn Gíríìkì kan láti ìlú Atlantis tí ó rì sínú òkun ni wọ́n ṣe wọ́n. Ó rọ̀ ọ́ lọ́rùn láti gba ìlú tí kò sí gbọ́ ju kí ó gbà pé baba wa lọ́gbọ́n.

Ṣùgbọ́n apá kejì ẹ̀bi náà wà lọ́wọ́ tiwa. Títí di òní, bí o bá bi ọ̀pọ̀ ènìyàn ní Ìlọrà tàbí ní Àwẹ́ pé níbo ni Odùduwà ti wá, wọn yóò ní Mẹ́kà ni, ọmọ Lámúrúdu ni. Ìtàn yìí wà nínú ìwé Àlùfáà Samuel Johnson, tí ó parí ní 1897 tí a sì tẹ̀ jáde ní 1921. Ṣáájú rẹ̀, ní 1812, Muhammad Bello ti Ṣókótó ti kọ ọ́ pé ìran Kénáánì, àwọn ènìyàn Nímíródù, ni Yorùbá. Èdè ẹnu wa tako èyí. Yorùbá àti Ígálà jẹ́ tẹ̀gbọ́n-tàbúrò, èdè Ìbìní àti Ígbò sì jẹ́ ìbátan wọn; ẹbí mìíràn pátápátá ni èdè Lárúbáwá wà. Johnson ṣe wá lóore ńlá, nítorí ó kọ ohun tí ó gbọ́ lẹ́nu àwọn arọ́kin Ọ̀yọ́ sílẹ̀ kí ó tó parun, a kò sì gbọdọ̀ bú u. Àmọ́ a lè dúpẹ́ lọ́wọ́ ẹni tí ó gbé omi wá, kí a sì tún sẹ́ omi náà kí a tó mu ún.

Ibi tí ọ̀rọ̀ mi ti lè dun àwọn kan nínú wa nìyí. Àwa oníṣẹ̀ṣe náà ń fi irọ́ dáhùn irọ́. Mo ń gbọ́ tí àwọn tiwa ń sọ pé Íjíbítì ni a ti wá, bí ẹni pé Íjíbítì kì í ṣe Mẹ́kà mìíràn tí a fẹ́ lọ tọrọ iyì níbẹ̀. Mo ń gbọ́ tí wọ́n ń sọ pé Ọ̀yọ́ Mèsì ti ń lé ọba kúrò lórí ìtẹ́ kí àwọn ìjòyè Gẹ̀ẹ́sì tó mú ọba wọn gba Magna Carta ní 1215. Ọ̀yọ́ Mèsì jẹ́ ìlànà tí ayé lè kọ́gbọ́n lára rẹ̀, ṣùgbọ́n ìgbà Baṣọ̀run Gáà ni a mọ agbára wọn jù lọ, 1774 ni Gáà sì kú. Bí a bá fi ọjọ́ orí tí kì í ṣe tiwọn kún ohun rere wa, ọjọ́ tí ọmọ bá mọ òtítọ́ ni yóò kọ irọ́ àti òtítọ́ sílẹ̀ pa pọ̀. Ohun tí a ní tó wa.

Bákan náà, n kò ní sọ pé Fìdítì tàbí Ìlọrà wà bí ó ti wà yìí ní ìgbà Mansa Musa. Ọ̀pọ̀ agbo ilé ní ẹkùn Afijio ni oríkì wọn ń tọ́ka sí Ọ̀yọ́-Ilé, tí ó tú ní nǹkan bí 1835 sí 1837. Ṣùgbọ́n àwọn tí ń sá fún ogun kò sá lásán. Wọ́n gbé egúngún wọn dání, wọ́n gbé Ṣàngó, wọ́n gbé Ifá. Ní agbo ilé tí Alágbàáà ṣì wà, tí Mọgbà ṣì ń bọ Ṣàngó, tí ọmọ awo ṣì ń jókòó ti olúwo rẹ̀ fún ọ̀pọ̀ ọdún láti kọ́ odù 256, àjọ àtayébáyé kan ṣì wà láàyè. UNESCO mọ iyì èyí, wọ́n kéde ètò Ifá ní 2005 gẹ́gẹ́ bí ohun ìní gbogbo ayé. Tí yunifásítì Bologna bá yẹ ní ojú ìwé ọmọ wa, ilé Ifá kò yẹ kí ó sọnù níbẹ̀.

Ohun tí ó ń bà mí lẹ́rù ni pé ó ń sọnù lójú wa. Bàbá awo kan wà ní Ìlọrà tí mo máa ń lọ kí. Mo ti pinnu pé màá gba ohùn rẹ̀ sílẹ̀ lórí fóònù. Mo ní bí òjò bá dá, mo ní bí ọdún egúngún bá kọjá. Bàbá wọ káà ilẹ̀ kí òjò náà tó dá. Àwọn ọmọ rẹ̀ kò kọ́ṣẹ́ náà, orúkọ ẹ̀sìn mìíràn ni wọ́n sì fi sin ín. Kò sí ará Jámánì kankan tí mo lè di ẹ̀bi èyí rù. Èmi ni mo jáfira láti sọ̀rọ̀ tí mo sì lọ́ra láti ṣiṣẹ́.

Nítorí náà mo bẹ gbogbo wa. Kí olúkúlùkù yan àgbà kan ní agbo ilé rẹ̀, kí ó gba ohùn rẹ̀ sílẹ̀ ní oṣù yìí, kí ó sì kọ orúkọ ibi tí ó ti gbà á àti ọjọ́ rẹ̀. Ẹ̀yin tí ẹ jẹ́ olùkọ́, ẹ kọ Ifẹ̀ sí ojú ìwé kan náà pẹ̀lú Róòmù, Bàgídádì àti Málì, pẹ̀lú ọdún àti ẹ̀rí, láìfi ohun kan kún un. Ẹ má sì kórìíra àwọn ẹ̀sìn tí ọmọ ń kà níbẹ̀. Ìmàle ti ń gbé láàárín wa pẹ́ débi pé Ifá fúnra rẹ̀ mọ̀ wọ́n nínú Òtúrá Méjì.

Mo ti padà dá ọmọ náà lóhùn. Mo sọ fún un pé nígbà tí Mansa Musa ń lọ sí Mẹ́kà, àwọn tiwa wà ní ìdí iná ní Ifẹ̀, wọ́n ń yọ́ gíláàsì. Ó ní kí n sọ ọ́ díẹ̀díẹ̀ kí òun lè kọ ọ́ sílẹ̀. Ojú ìwé náà kò gbà á tán, ó ní láti ṣí òmíràn.

Ìṣẹ̀ṣe làgbà. Kí àwọn alálẹ̀ gbè wá o. Àṣẹ.