Ẹ Má Fi Ìsọ̀ Ìyá Yín Pamọ́ Nínú CV

Ní ìrọ̀lẹ́ Sátidé kan, ọmọbìnrin aládùúgbò wa kan wọlé tọ̀ mí wá ní Ahougnansou níhìn-ín, fóònù lọ́wọ́. "Tàǹtí, ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi wo CV mi." Stage ló ń wá, níbi iṣẹ́ ìlera àdúgbò, irú iṣẹ́ tí wọ́n ti ń lọ láti ojúlé dé ojúlé láti bá àwọn ìyá sọ̀rọ̀ nípa ibà, abẹ́rẹ́ àjẹsára àti ìtọ́jú oyún.

Ojú ìwé kan péré ni CV náà. Fọ́tò rẹ̀ ló wà lókè pátápátá, ọjọ́ ìbí rẹ̀ tẹ̀lé e, lẹ́yìn náà ló kọ ọ́ pé òun kò tíì lọ́kọ, òun kò tíì bímọ. Lẹ́yìn èyí ni àwọn ìwé ẹ̀rí rẹ̀. Nísàlẹ̀, ó ní òun nítara, òun lè bá èèyàn ṣiṣẹ́ pọ̀, òun sì mọ kọ̀ǹpútà lò. Níbi tí ó yẹ kí ó kọ ìrírí rẹ̀ sí, ohun tó kọ ni pé kò sí.

Mo wojú rẹ̀. Mo mọ ọmọ yìí láti kékeré. Ìyá rẹ̀ ní ìsọ̀ ike àti abọ́ lọ́jà. Èdè mẹ́rin ló wà lẹ́nu ọmọ náà: Yorùbá nílé, Jùlá lọ́jà, Faransé níléèwé, Baoulé lọ́dọ̀ àwọn ará ilé kejì. Òun ló máa ń tẹ̀lé àwọn ìyá Ànàgó tí kò gbọ́ Faransé lọ sí ilé ìwòsàn. Òun ló ń túmọ̀ ohun tí agbẹ̀bí bá wí fún wọn. Bí wọ́n bá délé tán, òun náà ló ń ka ohun tó wà lára páálí oògùn, tó ń sọ fún wọn pé èyí ni ti àárọ̀, èyí ni ti alẹ́. Gbogbo èyí ló pè ní "kò sí".

Mo bi í pé kí ló dé tí kò kọ ọ́. Ó ní, "Tàǹtí, ṣé ìyẹn náà ń jẹ́ iṣẹ́ ni?"

Ìbéèrè yẹn ni mo fẹ́ dáhùn, torí pé kì í ṣe òun nìkan ló ń bi í. Èmi náà ti kọ irú CV bẹ́ẹ̀ rí. Nígbà tí mo gba ìwé ẹ̀rí másítà mi tán, mo da CV ọ̀rẹ́ mi kan kọ, mo sì pààrọ̀ orúkọ àti ọjọ́ ìbí. Mo fi ránṣẹ́ káàkiri. Ibì kan ṣoṣo ló pè mí. Obìnrin tó jókòó sídìí tábìlì níbẹ̀ kà á tán, ó rẹ́rìn-ín, ó ní, "Mo ti ka ìwé yìí lẹ́ẹ̀mẹta láàárọ̀ yìí, orúkọ nìkan ló ń yí padà. Kí ni ẹ̀yin fúnra yín ti ṣe rí?" Mi ò rí nǹkan kan sọ. Kì í ṣe pé mi ò tíì ṣe nǹkan kan rí. Mo ti gbà pé ohun tí mo ṣe kò tó ohun tí à ń kọ sínú ìwé ni.

Bẹ́ẹ̀ ni iṣẹ́ ìlera àdúgbò kò rí bí iṣẹ́ mìíràn. Ní oṣù Kẹsàn-án ọdún 1978, ní Alma-Ata, àwọn orílẹ̀-èdè ayé fẹnu kò pé ìtọ́jú ìlera gbọ́dọ̀ súnmọ́ ibi tí èèyàn ń gbé tó sì ti ń ṣiṣẹ́, kí àwọn òṣìṣẹ́ tó ti àárín àwùjọ wá sì wà lára àwọn tí yóò ṣe é. Ní ọdún 2018, Àjọ Ìlera Àgbáyé gbé ìwé ìtọ́nà jáde lórí àwọn òṣìṣẹ́ ìlera àdúgbò. Nígbà tí a bá ń yan wọ́n, ìwé náà ní kí a wo bí ẹni náà ṣe kàwé tó fún iṣẹ́ tó fẹ́ ṣe, kí a wò ó bóyá ọmọ àwùjọ náà ni, bóyá àwùjọ gbà á ní tiwọn, kí a sì wo ìwà rẹ̀ àti ohun tó ti là kọjá láyé àti lẹ́nu iṣẹ́. Ó tún ní kí a má ṣe fi ọ̀rọ̀ pé ó ti ṣègbéyàwó tàbí kò tíì ṣe yan ẹnikẹ́ni, kí a má sì fi yọ ẹnikẹ́ni.

Ẹ wá tún CV ọmọ wa wò. Ohun tí wọ́n ní kí a má wò ló wà lókè lẹ́gbẹ̀ẹ́ fọ́tò. Ohun tí wọ́n ní kí a wò ni kò sí níbẹ̀ rárá.

Ọ̀rọ̀ yìí kì í ṣe ọ̀rọ̀ ojú ìwé lásán. Ní oṣù Keje ọdún 2014, àrùn Ebola wọ Èkó. Èèyàn 20 ló mú, ó pa 8 nínú wọn, ó sì tán nílẹ̀ láàárín oṣù mẹ́ta. Oríṣiríṣi nǹkan ló fà á tí kò fi tàn kálẹ̀: ìgboyà Dókítà Ameyo Adadevoh, tó fi ẹ̀mí ara rẹ̀ dí i, wà lára rẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹsẹ̀ àwọn tó ń kanlẹ̀kùn kiri wà lára rẹ̀ pẹ̀lú. Àwọn tó ti fara kan aláìsàn tó 890 àti díẹ̀, ìbẹ̀wò ojúkojú tí wọ́n ṣe láti mọ bí ara wọn ṣe ń ṣe sì tó 18,500. Ní oṣù Kẹsàn-án ọdún kan náà, àwọn kan lọ sí abúlé Womey ní orílẹ̀-èdè Guinea láti la àwọn èèyàn lóye nípa àrùn kan náà. Àwọn ará abúlé kò gbà wọ́n gbọ́. Èèyàn mẹ́jọ nínú wọn ni wọ́n pa. Ìmọ̀ àwọn tó lọ sí Womey kò kéré. Ilẹ̀kùn ni kò ṣí fún wọn, ìmọ̀ kò sì lè wọlé níbi tí ilẹ̀kùn kò bá ti ṣí.

Àwọn kan á ní CV kì í ṣe ibi tí à ń rojọ́ ilé ẹni, pé ìwé ẹ̀rí ni ọ̀gá fẹ́ rí. Òótọ́ ni pé ìwé ẹ̀rí gbọ́dọ̀ wà níbẹ̀. Mi ò fẹ́ kí ẹni tí kò mọ ìyàtọ̀ láàárín oògùn ibà àti oògùn ikọ́ wọ ilé mi. Ṣùgbọ́n ìwé ẹ̀rí kan náà ni gbogbo àwọn tí wọ́n jọ jáde ní kíláàsì ń mú lọ. Kí ni ọ̀gá yóò fi mọ ẹni tí ìyá ọlọ́mọ lè ṣílẹ̀kùn fún?

A jókòó, a tún un kọ. A yọ ọ̀rọ̀ ọkọ àti ọmọ kúrò. A yọ "ìtara" náà, torí pé kò sẹ́ni tó ń kọ ọ́ pé ọ̀lẹ lòun. Níbi ìrírí, a ka ọdún, a ka oṣù, a ka iye ìgbà. Ó kọ ọdún tó bẹ̀rẹ̀ sí í tẹ̀lé àwọn ìyá lọ sí ilé ìwòsàn, iye ìgbà tó ń lọ lóṣù, àwọn èdè tó ń túmọ̀, àti pé òun ló ń rán wọn létí ọjọ́ tí abẹ́rẹ́ ọmọ tún kàn. Ó kọ ọ́ pé òun ló ń tọ́jú ìwé àwìn ìsọ̀ ìyá òun: ta ló jẹ wá, èló ló jẹ, ọjọ́ wo ló dá. Ó kọ́kọ́ tijú èyí. Mo ní kí ó rò ó wò: kí ni ìwé tí òṣìṣẹ́ ìlera àdúgbò ń kọ bí kò ṣe pé ọmọ ta ni, abẹ́rẹ́ wo ló gbà, ọjọ́ wo ni yóò padà wá?

Lórí ọ̀rọ̀ èdè, mo ní kí ó má kàn kọ ọ́ pé òun gbọ́ Jùlá dáadáa. Kí ó kọ ohun tó lè fi ṣe: pé òun lè fi Jùlá ṣàlàyé fún ìyá kan bí wọ́n ṣe ń po omi iyọ̀ àti ṣúgà fún ọmọ tó ń yàgbẹ́ gbuuru.

Nǹkan méjì ni mo kìlọ̀ fún un. Èkíní, iye tó bá dá a lójú nìkan ni kí ó kọ. Bí irọ́ bá lọ lógún ọdún, ọjọ́ kan ṣoṣo ni òtítọ́ yóò bá a. Èkejì, kò gbọdọ̀ dárúkọ ìyá kankan tàbí àìsàn ẹnikẹ́ni. Ẹni tó bá tú àṣírí aládùúgbò nínú CV yóò tú u lẹ́nu iṣẹ́.

Nígbà tí a dé orí Yorùbá, ọwọ́ rẹ̀ dúró. "Tàǹtí, tí mo bá kọ ọ́, wọn ò ní sọ pé àlejò ni mí?"

Ibẹ̀ ni mo ti mọ̀ pé kì í ṣe àìmọ̀ nìkan ló jẹ́ kí ó kọ "kò sí". Mi ò lè sọ fún un pé ẹ̀rù asán ló ń bà á. Ní Bouaké la wà. Ìbéèrè ta ni ọmọ onílẹ̀, ta ni àlejò, wà lára ohun tó dá ogun ọdún 2002 sílẹ̀, ìlú yìí sì ni àwọn tó gbé ìbọn fi ṣe ibùjókòó wọn. Ọmọdé ni mí nígbà náà, mo sì rántí bí àwọn ìyá wa ṣe ń rẹ ohùn sílẹ̀ bí wọ́n bá fẹ́ sọ Yorùbá níta.

Ṣùgbọ́n mo rán an létí ibi tí a ti wá. Ọkọ̀ ojú irin ti dé Bouaké láti ọdún 1912. Àwọn òbí wa tó wá láti Èjìgbò àti àyíká rẹ̀ bá ọ̀nà yẹn wá sí ilẹ̀ yìí, wọ́n ń ta ọjà. Èdè ni wọ́n fi jẹun. Ẹni tí kò gbọ́ èdè oníbàárà kò lè bá a nájà. Wọ́n mọ iye tí èdè tó. Àwa tí a lọ sílé ẹ̀kọ́ ni a wá ń fi í pamọ́, bẹ́ẹ̀ àwọn ìyá wà ní àdúgbò yìí tó jẹ́ pé Yorùbá nìkan ni àlàyé fi lè wọ̀ wọ́n létí.

Ọ̀rọ̀ kan kù fún ẹ̀yin tí ẹ ń ka CV. Bí ẹ bá fẹ́ kí wọ́n kọ òótọ́, ẹ yé béèrè ọkọ lọ́wọ́ wọn. Ẹ béèrè èdè àti àdúgbò tí wọ́n mọ̀. Bí wọ́n bá sì ti bẹ̀rẹ̀, ẹ má fi orúkọ stage lo ọmọ ọlọ́mọ fún ọ̀pọ̀ oṣù láìsan kọ́bọ̀, kódà owó ọkọ̀. Ìwé ìtọ́nà 2018 yẹn ní kí wọ́n máa san owó tó bá iṣẹ́ mu fún òṣìṣẹ́ ìlera àdúgbò. Ẹni tó ń kọ́ṣẹ́ kò tíì tó ọ̀gá, ṣùgbọ́n ebi kì í béèrè ẹni tó ń kọ́ṣẹ́.

Ọmọ náà tẹ Yorùbá sí i, ó tẹ̀ ẹ́ ṣáájú Faransé. Ó fi CV náà ránṣẹ́ ní alẹ́ ọjọ́ yẹn. Wọn ò tíì dá a lóhùn títí di bí mo ṣe ń kọ èyí, ó sì lè jẹ́ pé wọn ò ní pè é. Ṣùgbọ́n bí wọ́n bá pè é, tí wọ́n bi í ní ohun tó ti ṣe rí, yóò rí nǹkan sọ.