Àwọn Ìlà tí A Ń Fò Kọjá

Ní ìbẹ̀rẹ̀ sáà ẹ̀kọ́ yìí, akẹ́kọ̀ọ́bìnrin wa kan, ọmọ Kétu, yá wa ní ìwé tí ẹ̀gbọ́n rẹ̀ rà fún un ní Èkó. Ìwé náà nípọn, èdè Gẹ̀ẹ́sì ni a sì fi kọ ọ́. Children of Blood and Bone ni àkọlé rẹ̀. Tomi Adeyemi ni ó kọ ọ́, ẹni tí àwọn òbí rẹ̀ jẹ́ ọmọ Nàìjíríà ṣùgbọ́n tí a bí sí Amẹ́ríkà. Ó jáde ní 2018, òkìkí rẹ̀ sì ti kàn jìnnà. Nígbà tí a kà á tán tí a dá a padà, a bi ọmọ náà léèrè èrò rẹ̀ nípa àwọn ọfọ̀ tí ó wà nínú rẹ̀. Ojú tì í díẹ̀. Ó ní, “Ẹ má bínú, mo fò wọ́n kọjá ni. Mo rò pé èdè àtọwọ́dá ni, èdè tí òǹkọ̀wé náà hun fúnra rẹ̀.”

Yorùbá ni àwọn ọfọ̀ náà. Èdè tí ìyá àgbà ọmọ yìí fi ń ná ọjà ní Kétu ni, pẹ̀lú àmì ohùn lórí rẹ̀.

A kò bá a wí, nítorí a mọ ẹni tí ó jẹ̀bi. Àwọn tí ó ti lé ní ogójì ọdún nínú wa kò tíì gbàgbé “le signal”: egungun, ìkarahun ìgbín tàbí pátákó kan tí a ń gbé kọ́ ọrùn ọmọ tí ó bá sọ èdè ìyá rẹ̀ ní ilé-ìwé. Àwa pẹ̀lú gbé e kọ́rùn rí. Ẹni tí ó wà lọ́rùn rẹ̀ ní láti máa ṣọ́ ẹnu àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ títí yóò fi rí ẹlòmíràn gbé e fún. Báyìí ni a ṣe kọ́ wa láti máa gbọ́ Yorùbá bí ẹni tí ń gbọ́ ẹ̀sùn. Nígbà tí àwa náà di olùkọ́, a kò gbé nǹkan kan kọ́ ọmọ lọ́rùn mọ́, ṣùgbọ́n a kò kọ́ wọn bí a ṣe ń ka èdè náà. Báwo ni ojú wọn yóò ṣe dá a mọ̀ nígbà tí wọ́n bá pàdé rẹ̀ nínú ìwé?

Nítorí èyí, a fẹ́ fi ojú òǹkàwé tí ó gbọ́ Yorùbá wo mẹ́ta nínú àwọn ìwé ìtàn ìyanu àti ìtàn ìfẹ́ ìgbà yìí. Gbogbo ayé ni a kọ wọ́n fún, ṣùgbọ́n yàrá kan wà nínú ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn tí kọ́kọ́rọ́ rẹ̀ wà lọ́wọ́ wa.

Nínú ìwé Adeyemi, ilẹ̀ kan wà tí ń jẹ́ Orïsha. Ọba Saran ti pa àwọn tí agbára òrìṣà wà lára wọn, ìyá Zélie sì wà nínú àwọn tí ó kú. Zélie, Tzain ẹ̀gbọ́n rẹ̀, àti Amari ọmọ ọba tí ó sá kúrò láàfin, jáde lọ láti dá agbára náà padà. Inan, arákùnrin Amari, sì ń lé wọn. Ìtàn náà ń sáré, ìbànújẹ́ inú rẹ̀ kì í sì í ṣe eré: òǹkọ̀wé náà ti sọ pé ikú àwọn aláwọ̀ dúdú lọ́wọ́ àwọn ọlọ́pàá Amẹ́ríkà wà lára ohun tí ó mú òun kọ ọ́. A kan sáárá sí i fún èyí. Ìfẹ́ àárín Zélie àti Inan ni kò tẹ́ wa lọ́rùn. Ó yára hù jù, Inan sì ń yí ọkàn padà láti orí kan dé èkejì tó bẹ́ẹ̀ tí a kò fi mọ ohun tí ọmọbìnrin náà rí lára rẹ̀.

Ẹni tí ó mọ ilẹ̀ wa yóò rẹ́rìn-ín nígbà tí ó bá rí Ìlọrin tí ó di ìletò apẹja lórí omi, bí ẹni pé Gànvíé ni. Èyí kò burú, òǹkọ̀wé ní àṣẹ láti tún ayé tò. Àmì méjì tí a fi sórí “i” nínú orúkọ Orïsha náà kò ní iṣẹ́ kankan nínú ohùn wa; ẹ̀ṣọ́ lásán ni. Ṣùgbọ́n àmì tí ó wà lórí àwọn ọfọ̀ jẹ́ àmì ohùn tòótọ́. Ẹni tí kò kọ́ láti ka Yorùbá kò lè mọ ìyàtọ̀ àwọn méjèèjì.

Ọ̀rọ̀ ọfọ̀ yìí ni ó sì jù. Ọfọ̀ inú ìwé náà ń ké pe ẹ̀mí, ó ń ní kí ó jáde wá. Fún ẹni tí kò gbọ́ èdè náà, ìró àjèjì ti tó láti jẹ́ agbára. Fún àwa tí a gbọ́ ọ, gbólóhùn tí kò ní ìdí ni. Ọfọ̀ àwọn baba wa kì í kàn pàṣẹ, ẹjọ́ ni ó máa ń rò. Yóò mú ewé tẹ̀tẹ̀, yóò fa “tẹ́” yọ nínú orúkọ rẹ̀, yóò sì fi yé ayé pé ewé tí ń jẹ́ bẹ́ẹ̀ kì í tẹ́, nítorí náà ẹni tí ó pe orúkọ rẹ̀ kò gbọdọ̀ tẹ́. Inú ọ̀rọ̀ fúnra rẹ̀ ni agbára ti ń jáde. Adeyemi fún èdè wa ní ipò ọlá nínú ìwé rẹ̀, ṣùgbọ́n aṣọ ni ó fi ṣe, kò tíì di ara.

Ìwé kejì kò ní idán nínú. Nígbà tí a wà ní lísé, Adoras ni ọ̀pọ̀ àwọn ọmọbìnrin ń kà lábẹ́ tábìlì, àwọn ìwé ìfẹ́ kéékèèké tí a bẹ̀rẹ̀ sí í tẹ̀ jáde ní Abidjan ní 1998. Níbẹ̀, ọkùnrin àti obìnrin yóò borí ìdíwọ́, ìwé yóò sì parí nígbà tí ayọ̀ bá bẹ̀rẹ̀. Ibi tí Adoras ti ń parí ni Ayọ̀bámi Adébáyọ̀ ti bẹ̀rẹ̀ nínú Stay With Me, tí ó jáde ní 2017. Yéjídé àti Akin fẹ́ra wọn tọkàntọkàn ní Iléṣà, ní àwọn ọdún 1980. Ọmọ kò dé. Àwọn ẹbí ọkọ mú Fúnmi wá gẹ́gẹ́ bí ìyàwó kejì. A kò ní í tú àṣírí tí ó wà nídìí ọ̀rọ̀ náà.

Ẹni tí ó ka àkọlé yìí ní èdè Gẹ̀ẹ́sì, tàbí Reste avec moi ní èdè Faransé, yóò rò pé ọkọ ni ó ń bẹ aya, tàbí aya ni ó ń bẹ ọkọ. Rótìmí ni. Orúkọ ọmọ kan nínú ìwé náà ni, orúkọ tí a máa ń fún àbíkú. Kí ẹnikẹ́ni tó ṣàlàyé fún ọmọ Yorùbá tí ó bá rí orúkọ yìí, ó ti mọ̀ pé a ti sin ọmọ ṣáájú. Ohun tí ìyá ọkọ ń pè ní àbíkú, àwọn dókítà ní àrùn fòníkú-fọ̀ladìde ni. Òǹkọ̀wé náà kò fi èyíkéyìí nínú wọn ṣẹ̀sín, ìdí sì nìyí tí a fi ka ìwé rẹ̀ sí ìwé ìfẹ́ tí ó dára jù lọ nínú àwọn mẹ́ta yìí. Ó mọ̀ pé inú ilé ni ìfẹ́ ń gbé, pẹ̀lú ìyá ọkọ àti òkú ọmọ.

Ìwé kẹta da ìyanu àti ìfẹ́ pọ̀: Shigidi and the Brass Head of Obalufon, tí Wole Talabi kọ ní 2023. Àgbàlagbà ni a kọ ọ́ fún, kí àwọn ọmọ lísé fi sílẹ̀ ná. Ṣìgìdì, tí a ń sọ pé ó máa ń gun ènìyàn láyà lóru, ti di òṣìṣẹ́ ní ilé-iṣẹ́ àwọn òrìṣà, níbi tí àdúrà àwọn olùsìn ti jẹ́ owó tí ń wọlé. Àlejò yóò pe èyí ní ẹ̀fẹ̀. Àwa mọ̀ pé òwe àtijọ́ ni Talabi fi kọ́ ilé ìgbàlódé: bí kò sí ènìyàn, òrìṣà kò sí. Ṣìgìdì àti Nneoma olùfẹ́ rẹ̀ lọ sí British Museum ní Lọ́ńdọ̀nù láti jí orí idẹ Ọbàlùfọ̀n gbé padà. Ní 1938 ni a hú àwọn orí idẹ jáde ní Wúnmọníjẹ̀ ní Ifẹ̀, ọ̀kan nínú wọn sì wà ní Lọ́ńdọ̀nù títí di òní. Àwa tí Faransé dá ohun ìní Abomey 26 padà fún ní 2021 kò nílò àlàyé lórí irú olè bẹ́ẹ̀.

Kí ọ̀dọ́ má sì rò pé òde òní ni a bẹ̀rẹ̀. Ní 1938 kan náà ni Fágúnwà tẹ Ògbójú Ọdẹ nínú Igbó Irúnmalẹ̀ jáde ní èdè Yorùbá. Ní 1961, nínú Àdììtú Olódùmarè, ó jẹ́ kí Àdììtú àti Ìyùnadé kọ lẹ́tà ìfẹ́ síra wọn. Ṣùgbọ́n àwa tí a lọ sí ilé-ìwé Faransé, Amos Tutuola ni a kọ́kọ́ kà, nínú ìtumọ̀ tí Raymond Queneau ṣe ní 1953. Ọ̀nà jíjìn ni a gbà wọ ilé ara wa.

A pe akẹ́kọ̀ọ́ wa jókòó, a ní kí ó ka ọfọ̀ kan sókè. Ó kọsẹ̀ lẹ́ẹ̀kíní, ó kọsẹ̀ lẹ́ẹ̀kejì. Ní ẹ̀ẹ̀kẹta, ó dúró lójijì, ó ní, “Mo mọ ọ̀rọ̀ yìí!” Etí rẹ̀ ti mọ̀ ọ́n tipẹ́, ojú rẹ̀ ni kò mọ̀ ọ́n. Ó gbé ìwé náà lọ sílé, ó sì kà á fún ìyá àgbà rẹ̀. Ìyá àgbà gbọ́ ọ tán, ó bi í pé, “Ta ní ń pe òkú báyìí láì ta omi sílẹ̀?” A ti ka èrò oríṣiríṣi lórí ìwé Adeyemi ní èdè Gẹ̀ẹ́sì àti Faransé. A kò tíì rí ẹni tí ó béèrè ìbéèrè yìí.

Ẹ̀yin ọ̀dọ́ Kétu, Ṣábẹ̀ẹ́, Àjàṣẹ́ àti Atakpamé, bí ẹ bá pàdé ìlà Yorùbá nínú ìwé, ẹ má fò ó. Ẹ kà á sókè. Bí kò bá yé yín, ẹ kà á fún àgbà tí ó wà nílé, kí ẹ sì kọ ohun tí ó bá sọ ránṣẹ́ sí wa. A ó fún un ní àyè nínú ojú-ìwé yìí.