Ìbọn Tó Ń Lọ Jìnnà Kọ́ Ló Yẹ Gbogbo Ọdẹ

Ní Jonquet, ní Kútọnu, ibùdókọ̀, ilé oúnjẹ àti ilé ọtí fara kan ara wọn. Ibẹ̀ ni ẹni tó ń bọ̀ láti Kétu, Ṣábẹ tàbí Ìdáàṣà ti máa ń pàdé ọmọ ìlú rẹ̀ tí iṣẹ́ ti sọ di ará Kútọnu. Nínú irú ìpàdé bẹ́ẹ̀, ọ̀rọ̀ oko àti ọ̀rọ̀ ọdẹ kì í wọ́n. Ọdẹ tó wà nílé a sì ránṣẹ́ sí ọmọ tó ríṣẹ́ ní ìlú ńlá pé kó bá òun wá ìbọn. Kì í ṣe ṣakabùlà tí alágbẹ̀dẹ rọ ló ń bèèrè mọ́, bí kò ṣe ìbọn òkèèrè tó ní awò lórí, èyí tí wọ́n ní ó lè pa ẹfọ̀n láti ibi tí ẹfọ̀n kò ti lè gbóòórùn ènìyàn. Kíá ni ọmọ náà yóò bẹ̀rẹ̀ sí wádìí iye owó rẹ̀ àti bí ọta rẹ̀ ṣe ń lọ jìnnà tó. Ìbéèrè méjèèjì yìí ló yẹ kó gbẹ̀yìn. Ohun tó yẹ kó ṣáájú ni ẹran tí a fẹ́ pa, ilẹ̀ tí a ó ti pa á, ojú àti ọwọ́ ẹni tí yóò gbé ìbọn náà, àti ìwé àṣẹ tó wà lọ́wọ́ rẹ̀.

Àwọn baba tó fi ṣakabùlà dẹ igbó kò fi ọ̀nà jíjìn yangàn. Ìbọn wọn kò ṣe é gbára lé ju bí ogójì ìṣísẹ̀ lọ, nítorí pé irin tí wọ́n kì sí i lẹ́nu ń fọ́n káàkiri ni. Wọ́n ní láti mọ ipasẹ̀ ẹran, kí wọ́n mọ ibi tí atẹ́gùn ń fẹ́ sí, kí wọ́n sì mọ bí a ti ń dúró jẹ́ẹ́. Bí a bá fẹ́ mú ọ̀bọ, à á ṣe bí ọ̀bọ. Kì í ṣe pé ṣakabùlà dára tán: ó ti bẹ́ mọ́ ọ̀pọ̀ ọdẹ lọ́wọ́, ẹran tó sì ti gbé ọgbẹ́ rẹ̀ sá wọ igbó kò níye. Ṣùgbọ́n ẹni tó bá rò pé awò orí ìbọn lè dípò ẹ̀kọ́ tí àwọn baba náà kọ́ ń tan ara rẹ̀ jẹ.

Ìwọ̀n eku nìwọ̀n ìtẹ́. Ní àríwá Bẹ̀nẹ̀, níbi tí ẹran ńlá ṣẹ́kù sí jù lọ, ẹran kan wà tí èdè Faransé ń pè ní bubale, tó máa ń wọn nǹkan bí kílò 150. Hippotrague ju ìyẹn lọ. Ó lè kọjá kílò 250. Akọ ẹfọ̀n pápá lè ju kílò 400 lọ. Ìbọn kan náà kò lè bá àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta mu dọ́gba. Fún bubale, .30-06 tó ti wà láti ọdún 1906 tó, .300 Winchester Magnum tó jáde ní ọdún 1963 náà sì tó. Fún ẹfọ̀n, ọ̀pọ̀ orílẹ̀-èdè Áfíríkà fi .375 ṣe òdiwọ̀n tó kéré jù. Èyí tó lókìkí jù nínú wọn ni .375 Holland & Holland ti ọdún 1912, tí ọta rẹ̀ ń wọn nǹkan bí gíráàmù 19. Èyí tó tẹ̀ lé e ni 9,3×62, tí Otto Bock, ará Jámánì, ṣe ní ọdún 1905 fún àwọn àgbẹ̀ àti ọdẹ tó ń lọ sí Áfíríkà.

Ohun kan wà nínú èyí tí àwọn olówò kì í sọ. Àwọn ìbọn tí a ṣe fún ẹran tó tóbi jù kọ́ ni ọta wọn ń lọ jìnnà jù. Iṣẹ́ .375 àti 9,3×62 ni láti gbé ọta tó wúwo, tó sì le, la awọ, iṣan àti egungun èjìká kọjá títí dé ọkàn àti ẹ̀dọ̀fóró, láti ibi tí ọdẹ ti rí ẹran náà kedere. Ọta fúyẹ́fúyẹ́ tó ń sáré jù lè fọ́ sára egungun èjìká kó má sì wọlé. Nítorí náà, ẹni tó ní òun ń wá ìbọn ọ̀nà jíjìn fún ẹfọ̀n ti da ọ̀rọ̀ méjì tí kò bára mu pọ̀.

Bí a bá tilẹ̀ fi ẹfọ̀n sílẹ̀, ọ̀nà jíjìn ní ìṣirò tirẹ̀. Ká ní ọdẹ tún awò .300 Winchester Magnum rẹ̀ ṣe kí ọta lè bá ibi tó fojú sùn ní mítà 200. Nígbà tí ọta yẹn bá dé mítà 400, yóò ti wálẹ̀ ju ìdajì mítà lọ. Ẹni tó bá ṣi mítà 400 pè ní 300, ẹsẹ̀ ẹran ni yóò bá. Ọta náà yóò lò tó ìdajì ìṣẹ́jú àáyá lójú ọ̀nà, ẹran tó ń jẹko lọ sì lè gbé ìṣísẹ̀ kan láàárín àkókò yẹn. Ọta tí a rán sí ọkàn yóò wá bá ikùn. Ìgbà ẹ̀ẹ̀rùn, tí ọdẹ máa ń jáde, ni ọyẹ́ ń fẹ́. Atẹ́gùn rẹ̀ a máa ti ọta sẹ́gbẹ̀ẹ́, eruku rẹ̀ a máa bo ojú, ooru tó ń ti ilẹ̀ jáde lọ́sàn-án a sì mú kí àwòrán ẹran máa mì nínú awò. Ìbọn kò mọ ìkankan nínú nǹkan wọ̀nyí. Ọdẹ ló gbọ́dọ̀ mọ̀ ọ́n.

Ohun tó wà lẹ́yìn ẹran ṣe pàtàkì ju ẹran fúnra rẹ̀ lọ. Ọta ìbọn alágbára tí kò bá nǹkan kan pàdé lè rìn ju kìlómítà 3 lọ. Ilẹ̀ wa kì í ṣe aginjù. Láàárín igi méjì tí ọdẹ rò pé òfìfo ni, darandaran lè wà níbẹ̀ pẹ̀lú màlúù rẹ̀, obìnrin tó ń ṣẹ́gi lè wà níbẹ̀, ọmọ tó ń kó òwú pẹ̀lú ìyá rẹ̀ lè wà níbẹ̀. Ṣakabùlà kò lè dé ọ̀dọ̀ wọn; ìbọn tuntun lè dé ibẹ̀ kí wọ́n tó gbọ́ ìró rẹ̀. Ẹyin lohùn, bó bá balẹ̀, fífọ́ ní ń fọ́. Bẹ́ẹ̀ náà ni ọta rí.

Àwọn kan yóò dáhùn pé ẹfọ̀n ń pa ènìyàn, àti pé jíjìnnà sí i ni ààbò. Ọ̀rọ̀ yìí ní ìtumọ̀, ṣùgbọ́n ẹ̀yìn rẹ̀ kò dára. Ẹfọ̀n tí a ṣe léṣe ní mítà 300 kì í ṣubú síbẹ̀. Ó ń wọ inú koríko gíga, ó sì ń dúró de ẹni tó bá tẹ̀ lé e. Ẹni tó ń tọ ipa ẹ̀jẹ̀ lọ sì sábà máa ń jẹ́ atọpasẹ̀ tí a háyà, tí kò yìnbọn, tí kò sì mú ju àdá lọ́wọ́. Ààbò ẹni tó jókòó lókèèrè ti di ewu fún ẹni tó wà níwájú. Ó tọ́ kí a gbà pé lẹ́yìn tí iná bá ti jó pápá, bubale lè dúró ní gbangba débi pé ọdẹ kò lè súnmọ́ ọn ju mítà 200 lọ, ìbọn tó ń gbé ọta lọ tààrà sì wúlò níbẹ̀. Ṣùgbọ́n mítà 200 yẹn náà ni ó yẹ kó jẹ́ òpin fún ọ̀pọ̀ jù lọ nínú àwọn ọdẹ wa.

Ẹni tó bá ti gbà bẹ́ẹ̀ lè wá yan ìbọn. Bí ó bá jẹ́ pé ẹyọ kan ṣoṣo ni ọdẹ lè ní fún ẹran ńlá, 9,3×62 tàbí .375 ló yẹ ẹ́, irú èyí tí ọwọ́ ń fa irin rẹ̀ sẹ́yìn kí ọta mìíràn tó wọlé. Ìlànà tí Mauser gbé jáde ní ọdún 1898 ṣì dára títí di òní, nítorí pé irin rẹ̀ ń di ìdí ọta mú ṣinṣin láti ìgbà tó bá ti ń wọlé. Kí irin ìfojúsùn wà lórí ọ̀pá ìbọn, nítorí ọjọ́ tí awò bá fọ́. Kí awò má ju èyí tó ń sọ nǹkan di ìlọ́po 6 lọ, kó sì lè padà sí ìlọ́po 1, nítorí pé ẹni tó fi awò ńlá wo ẹran ní ọgbọ̀n ìṣísẹ̀, irun nìkan ni yóò rí. Kí ìdí ìbọn bá èjìká ọdẹ mu, kí ó má sì tani débi pé ọdẹ yóò ti dijú kó tó yìn ín. Ẹni tí kò bá lè ra ogójì ọta láti fi kọ́ ọwọ́ kò tíì ní owó ìbọn.

Lẹ́yìn náà ni kíka àmì. Ìbọn àwọn Jámánì àtijọ́ kan wà tí a kọ 8×57 I sí lára. Òmíràn wà tí a kọ 8×57 IS sí. Ọta ti àkọ́kọ́ fẹ̀ tó mìlímítà 8,07. Ti èkejì tó 8,20. Bí a bá fi ọta IS sínú ìbọn I, agbára inú rẹ̀ lè ju ohun tí irin náà lè gbà lọ. Lẹ́tà S kan ṣoṣo ló wà láàárín ọdẹ àti ewu náà. Àwọn tó ń kọ́ àgbà ní ìwé ní ìlú ọdẹ ì bá máa gbé páálí ọta tí a ti lò tán wọ kíláàsì, kí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ fi í wé àmì ara ìbọn. Ẹ̀kọ́ yẹn yóò yé ọdẹ ju ọ̀pọ̀ gbólóhùn inú ìwé lọ.

Ìwé òfin náà ń dúró de ẹni tí yóò kà á. Òfin 2002-16 ti ọjọ́ 18 oṣù Ọ̀wàrà ọdún 2004 ló ń ṣètò ọ̀rọ̀ ẹranko ìgbẹ́ ní Bẹ̀nẹ̀, èdè Faransé ni a sì fi kọ ọ́. Ìwé àṣẹ ìbọn yàtọ̀ sí ìwé àṣẹ ọdẹ. Ọ̀kan kò dípò èkejì. Kò sí ẹni tó gbọ́dọ̀ dọdẹ nínú ọgbà ẹranko Pendjari tàbí ti W. Àwọn agbègbè ọdẹ tí a là sí ẹ̀gbẹ́ wọn ni a ti ń fi àṣẹ ṣe é, a sì ṣètò pé kí ìdá 30 nínú ọgọ́rùn-ún owó ọdẹ níbẹ̀ máa lọ sọ́dọ̀ AVIGREF, ẹgbẹ́ àwọn abúlé tó wà láyìíká. Ẹni tó bá yìnbọn níbẹ̀ láìgbàṣẹ, àpò àwọn abúlé yẹn ló ń jà lólè. Láti oṣù Èbìbí ọdún 2019, tí wọ́n jí àwọn arìnrìn-àjò gbé ní Pendjari tí wọ́n sì pa ọmọ Bẹ̀nẹ̀ tó ń fọ̀nà hàn wọ́n, àti láti oṣù Èrèlé ọdún 2022, tí wọ́n kọlu àwọn ẹ̀ṣọ́ nínú ọgbà W, àjèjì tó bá gbé ìbọn aláwò ní àríwá lè bá ara rẹ̀ níwájú sójà tí kò ní fi ojú ọdẹ wò ó.

Èyí ni ó yẹ kí a máa sọ ní Jonquet nígbà tí ọ̀rọ̀ ìbọn bá dé. Àdéhùn CEDEAO tí a bọwọ́ lù ní Abuja ní ọdún 2006 kò ka ìbọn sí ẹrù tí a lè ra ní ìkọjá ẹnubodè kí a sì dì í sáàárín àpò gàrí. Ọmọ tó bá fẹ́ ṣoore fún baba rẹ̀ tó jẹ́ ọdẹ, kí ó kọ́kọ́ bá a wá ìwé àṣẹ, kí ó kà á fún un ní èdè tó gbọ́, kí ó bi í léèrè ẹran tó fẹ́ pa àti ibi tí ojú rẹ̀ ṣì lè ríran dé. Bí ìdáhùn baba bá jẹ́ ọgọ́rùn-ún mítà, ìbọn ọgọ́rùn-ún mítà ni kó rà.