Òṣùwọ̀n Nínú Kíláàsì Èdè Jámánì

Ẹ̀yin baba wa olóyè, àti ẹ̀yin ọ̀mọ̀wé ìlú gbogbo, ọ̀rọ̀ kan wà tí a rò pé ó yẹ kí a fi síwájú yín, èyíinì ni ọ̀rọ̀ máàkì tí a ń fún àwọn ọmọ wa tí wọ́n ń kọ́ èdè Jámánì. Ẹlòmíràn lè wí pé, "Kí ni ó kàn wá níbẹ̀?" Èsì wa ni pé èdè náà kò jìnnà sí wa mọ́. A ń kọ́ ọ ní yunifásítì Ìbàdàn àti ti Ilé-Ifẹ̀. Goethe-Institut ń kọ́ ọ ní Èkó. Láti ọdún 2007 sì ni òfin Jámánì ti sọ ọ́ di dandan fún ọ̀pọ̀lọpọ̀ aya tàbí ọkọ tí ó fẹ́ lọ bá ẹnìkejì rẹ̀ gbé lọ́hùn-ún, pé kí ó kọ́kọ́ fi hàn pé òun gbọ́ èdè náà díẹ̀. Nínú ìdánwò A1 tí a fi ń mọ èyí, máàkì 60 nínú 100 ni ẹnu ọ̀nà. Ẹni tí kò bá tó bẹ́ẹ̀, ilé ni yóò ti máa retí. Máàkì tí ó lè ya tọkọtaya nípá kì í ṣe ohun àmúṣeré.

Ohun tí a fẹ́ wí kò pọ̀. Kí olùkọ́ tó wọn iṣẹ́ ọmọ, kí ó fi òṣùwọ̀n náà han ọmọ. Kí òṣùwọ̀n náà sì wọn ohun tí ó ní òun ń wọn. Àgbẹ̀ olóko kòkó mọ èyí. Kí ó tó gbé ẹrù rẹ̀ jáde ni ó ti mọ̀ pé a óò la hóró rẹ̀ wò, àti pé èyí tí ó ti bu, tàbí èyí tí kò gbẹ, kò ní wọ ipò kìíní. Nítorí náà ni ó ṣe ń sá a dáadáa. Ṣùgbọ́n akẹ́kọ̀ọ́ mìíràn a jókòó ní kíláàsì láti ìbẹ̀rẹ̀ sáà dé òpin rẹ̀, kò mọ̀ bóyá ọ̀rọ̀ sísọ ni olùkọ́ yóò wò, tàbí iṣẹ́ àṣetiléwá, tàbí àkọ́sórí.

Ẹ jẹ́ kí a wo bí A1 ti rí. Apá mẹ́rin ni: gbígbọ́, kíkà, kíkọ àti sísọ, iye kan náà sì ni ọ̀kọ̀ọ̀kan ń kó nínú máàkì. Níbi sísọ, akẹ́kọ̀ọ́ yóò wí orúkọ rẹ̀, ọjọ́ orí rẹ̀, ilẹ̀ tí ó ti wá, ibi tí ó ń gbé, èdè tí ó gbọ́, iṣẹ́ rẹ̀, àti ohun tí ó fi ń ṣe fàájì. Níbi kíkọ, yóò kọ ọ̀rọ̀ sí inú fọ́ọ̀mù, yóò sì kọ lẹ́tà kúkúrú tí ó tó nǹkan bí 30 ọ̀rọ̀. Gbogbo èyí ni ó wà ní gbangba kí ẹnikẹ́ni tó san owó ìdánwò. A lè bá wọn jiyàn lórí owó náà, ṣùgbọ́n a kò lè wí pé wọ́n fi òṣùwọ̀n pamọ́.

Ẹ fi èyí wé kíláàsì tí ó jẹ́ pé pátákó àti ìwé nìkan ni. Ọmọ kan kọ́ der, die àti das sórí, ó gba 80. Bí ará Jámánì bá bi í ní ọ̀nà, ẹnu rẹ̀ a wọ. Ọmọ kejì ń dá a lóhùn láìfòyà, ṣùgbọ́n ó ń fi die sí ipò der, wọ́n sì fún un ní 35. Èwo nínú àwọn méjèèjì ni ó gbọ́ Jámánì?

A kò wí pé kí a fojú fo àṣìṣe. Èdè náà pín orúkọ sí akọ, abo, àti èyí tí kì í ṣe ọ̀kan nínú méjèèjì, tó bẹ́ẹ̀ tí das Mädchen, tí í ṣe ọmọdébìnrin, kò sí lára abo. Lọ́dọ̀ tiwa, "ó" kan náà ni a ń lò fún ọkùnrin, fún obìnrin, àti fún àga. Olùkọ́ tí ó retí pé kí ọmọ wa mọ èyí láìṣì ní sáà kìíní, ohun tí kò ṣeé ṣe ni ó ń retí. Bẹ́ẹ̀ sì ni ohun kan wà tí ọmọ náà ti mú ti ilé wá. Jámánì ní Sie fún ẹni tí a ń bọ̀wọ̀ fún, ó sì ní du fún ẹni tí a mọ̀ dunjú. Gẹ̀ẹ́sì òde òní kò ní èyí, ṣùgbọ́n Yorùbá ní ẹ̀yin àti ìwọ. Olùkọ́ tí ó bá gba inú Yorùbá kọ́ ọ, òye rẹ̀ yóò tètè yé ọmọ. Kìkì kí ó fi kún un pé ọmọ Jámánì a máa pe baba tirẹ̀ ní du, kò sì sí àfojúdi níbẹ̀.

Àwọn olùkọ́ kan a sì máa yọ nínú máàkì èdè nítorí pé ọmọ pẹ́ dé tàbí pé ó pariwo. Ìwà ṣe pàtàkì púpọ̀, ṣùgbọ́n kí a fún un ní ìlà tirẹ̀. Ní ìpínlẹ̀ Sachsen ní Jámánì, máàkì ọ̀tọ̀ wà fún ìwà, fún aápọn, fún ìkópa àti fún ètò nínú ìwé èsì. Kí a sì máa túmọ̀ máàkì fún òbí pẹ̀lú. Nítorí ní ilé-ìwé wọn, 1 ni ó dára jù, 6 ni ó burú jù, baba tí kò sì mọ èyí lè na ọmọ tí ó yẹ kí ó yìn.

Ẹ má sì ṣe jẹ́ kí a gbàgbé pé òṣùwọ̀n lè di pàṣán. Láti 1884 títí di 1914 ni Jámánì fi jọba ní Tógò, níbi tí àwọn ará wa Ifẹ̀ ti agbègbè Atakpamé wà. Ní 1905, gómìnà pàṣẹ pé, yàtọ̀ sí èdè ìbílẹ̀, èdè Jámánì nìkan ni kí a máa kọ́ nínú àwọn ilé-ìwé. Owó ìrànwọ́ fún ilé-ìwé àwọn míṣọ́nnárì sì ń tẹ̀lé bí àwọn ọmọ ti ṣe sí nínú ìdánwò Jámánì. Nígbà tí a bá so owó mọ́ máàkì báyìí, máàkì ni olùkọ́ yóò máa lé, kì í ṣe òye ọmọ.

Nítorí náà, ẹ̀yin tí ẹ ní ohùn nínú ìgbìmọ̀ ilé-ìwé, ẹ bèèrè ohun mẹ́ta ní ọjọ́ kìíní sáà: Kí ni ọmọ yóò lè ṣe nígbà tí sáà bá parí? Mélòó nínú 100 ni ti ẹnu, mélòó sì ni ti ìwé? Níbo ni a kọ ọ́ sí kí ọmọ lè kà á?

Bí a bá sì ti bèèrè lọ́wọ́ olùkọ́ Jámánì tán, ẹ jẹ́ kí a bèèrè lọ́wọ́ olùkọ́ Yorùbá pẹ̀lú. Olùkọ́ Jámánì kì í gbà kí a kọ orúkọ ohunkóhun láìfi lẹ́tà ńlá bẹ̀rẹ̀ rẹ̀. Àwa a máa gba ìwé Yorùbá tí kò ní àmì ohùn lọ́wọ́ àwọn ọmọ wa, tí ọkọ, ọkọ́, ọkọ̀ àti ọ̀kọ̀ fi di ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo, a ó sì fún wọn ní máàkì tí ó pọ̀. Kò tọ́ kí a fi òṣùwọ̀n tí ó péye wọn ẹrù àlejò, kí a sì máa fi ọwọ́ bu tiwa.