Ẹ Jẹ́ Kí Kíláàsì Pariwo

Àgbá òfìfo ní ń dún woroworo, òwe àwọn bàbá wa ni. Ṣùgbọ́n àwọn bàbá kan náà ló pa á lówe pé ẹni tó bá dákẹ́, tara rẹ̀ a bá a dákẹ́. Ẹni tó bá fẹ́ fi òwe jà, kó rántí pé òwe kì í gbè sẹ́yìn ẹnì kan títí. Ọ̀ràn tí mo fẹ́ gbé sáàárín òwe méjèèjì yìí kò jìnnà sí wa. Ọ̀ràn àwọn ọ̀dọ́ ni, tí kọ́lẹ́ẹ̀jì olùkọ́ni máa ń rán lọ sí ilé-ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ láti lọ fi iṣẹ́ dánra wò, àwọn tí gbogbo ilé-ìwé mọ̀ sí “ọmọ TP”. Bí kíláàsì wọn bá dákẹ́ rọ́rọ́, a ní wọ́n mọṣẹ́. Bó bá ń hó, a ní apá wọn kò ká àwọn ọmọ. Èmi ní ìwọ̀n tí a fi ń wọn iṣẹ́ wọn yìí ti wọ́.

Mo ti bá àwọn akẹ́kọ̀ọ́ NCE dé ọ̀pọ̀ ilé-ìwé ìjọba n'Íbàdàn àti agbègbè rẹ̀ láti wo iṣẹ́ wọn, nítorí náà ọ̀rọ̀ tí mo ń sọ kì í ṣe àgbọ́sọ. Ọmọ TP máa ń dé pẹ̀lú lẹ́sìn nóòtù tó fi rúlà fà, àti káádíbọ́ọ̀dù tó fi ọ̀dà kùn mèremère. Kó tó pẹ́, yóò rí i pé kò sí ìwé kankan ní kọ́lẹ́ẹ̀jì tó kọ́ ọ ní ohun tí èèyàn ń ṣe nígbà tí ọmọ méje bá jọ pè é lẹ́ẹ̀kan náà. “Àǹtí, ẹ wò ó, ó mú pẹ́ńsù mi.” “Àǹtí, ó pe bàbá mi lórúkọ.” “Àǹtí, mo fẹ́ tọ̀.” “Àǹtí, ṣé ẹ ti lọ́kọ?” Ọmọkùnrin kan ti sùn lọ fọnfọn lórí bẹ́ǹṣì ẹ̀yìn, torí ó ti bá ìyá rẹ̀ kiri ẹ̀kọ kó tó wá sílé-ìwé. Ọmọbìnrin kan fẹ́ mọ ìdí tí òṣùpá fi ń tẹ̀ lé wọn nígbà tí wọ́n ń ti ìṣọ́ òru bọ̀, kò sì ṣe tán láti gba “jókòó” ní ìdáhùn. Bí àǹtí bá wá béèrè ìbéèrè, àwọn tó mọ ìdáhùn á nawọ́, wọ́n á dìde dúró, àwọn mìíràn á gun bẹ́ǹṣì kí ọwọ́ tiwọn lè ga jù. Àwọn tí kò mọ̀ ọ́n náà á nawọ́. Ìyẹn ni mo fẹ́ràn jù nínú ọ̀rọ̀ ọmọdé.

Oògùn tí ilé-ìwé máa ń fún ọmọ TP fún àrùn ariwo yìí kò pọ̀. “Ẹ ká ọwọ́ yín.” “Ìka lẹ́nu.” Kí mọ́nítọ̀ dúró síwájú pátákó pẹ̀lú ṣọ́ọ̀kì, kó máa kọ orúkọ àwọn aláriwo. (Gbogbo ẹni tó bá lọ ilé-ìwé ní ilẹ̀ yìí mọ ìwé orúkọ yẹn, ó sì mọ̀ pé ọ̀rẹ́ mọ́nítọ̀ kì í sí níbẹ̀ láé.) Bí gbogbo rẹ̀ kò bá ràn án, ọ̀gá ilé-ìwé á yọ pàṣán láti inú dúrọ́ọ̀ rẹ̀, á ní, “Gba eléyìí, wàá rí i pé wọ́n á gbọ́ tìẹ.”

Kì í ṣe ìwà ìkà ló bí àṣà yìí. Ní 1952 ni Stephen Awókọ̀yà, mínísítà ètò ẹ̀kọ́ ní Ìwọ̀-Oòrùn nígbà náà, gbé àbá ẹ̀kọ́ ọ̀fẹ́ síwájú àwọn aṣòfin. Nígbà tí ìjọba Awólọ́wọ̀ sì ṣí ilẹ̀kùn ilé-ìwé sílẹ̀ fún tolówó tòtòṣì ní January 1955, ọmọ tó wà ní ilé-ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ ju 800,000 lọ, bẹ́ẹ̀ ni wọn kò tó 500,000 lọ́dún tó ṣáájú. Níbo ni a ti fẹ́ rí olùkọ́ tí yóò tó wọn? St. Andrew's College ní Ọ̀yọ́ ti wà láti 1896, Wesley College n'Íbàdàn láti 1905, àwọn tó ń ti ibẹ̀ jáde ò sì tó nǹkan lójú èrò yẹn. Àwọn ọ̀dọ́ tí wọn kò tíì kọ́ṣẹ́ olùkọ́ ni wọ́n tì síwájú ogunlọ́gọ̀ ọmọ. Kí ni ọ̀dọ́ bẹ́ẹ̀ fẹ́ ṣe, bí kò ṣe pé kó kọ́kọ́ pa wọ́n lẹ́nu mọ́? Ìdákẹ́jẹ́ gba olùkọ́ là lọ́dún náà lọ́hùn-ún, mi ò sì bá ẹnikẹ́ni wíjọ́ lórí rẹ̀. Ẹjọ́ mi ni pé ohun tí a fi bọ́ nínú ìṣòro ni a wá sọ di àmì ìmọṣẹ́, tí a sì fi ń gbé máàkì fún àwọn ọmọ tí a ń kọ́ lónìí.

Ọmọ TP kan wà tí iṣẹ́ rẹ̀ kò kúrò lọ́kàn mi. Prámárì kẹta ni wọ́n fún un, ẹ̀kọ́ ọjọ́ náà sì ni pínpín. Kò kun káádíbọ́ọ̀dù. Kéréètì ẹyin ló lọ tọrọ lọ́wọ́ àwọn tó ń ta ẹyin, ó gé e ní ìlà méjì-méjì, ihò mẹ́fà ní ìlà kọ̀ọ̀kan. Ẹni tó bá ti ta ayò rí ti mọ ibi tó ń lọ: ilé 12, ọmọ ayò mẹ́rin nínú ilé kọ̀ọ̀kan, àpapọ̀ wọn 48. Òkúta wẹ́wẹ́ àti ìdérí ìgò mínírà ló fi ṣe ọmọ ayò. Ó pín àwọn ọmọ sí agbo-agbo, ó ka 48 lé agbo kọ̀ọ̀kan lọ́wọ́, ó ní kí wọ́n pín in dọ́gba sínú àwọn ilé, kí wọ́n sọ iye tó bá ilé kan.

Ni ariwo bá sọ. Àwọn agbo kan ń jù ú sílé lọ́kọ̀ọ̀kan, wọ́n ń yí po títí ó fi tán. Agbo kan tó fẹ́ yára mú márùn-ún márùn-ún. Ilé mẹ́sàn-án kún, ìkẹwàá rí mẹ́ta gbà, méjì tó gbẹ̀yìn ṣófo. Ìjà dé: ta ló jí òkúta? Wọ́n tú gbogbo rẹ̀ palẹ̀, wọ́n kà á, 48 pé ṣánṣán. Kò sólè. Ìpín ni kò dọ́gba. Wọ́n ń bú ara wọn, wọ́n ń rẹ́rìn-ín, wọ́n tún un pín. Ibẹ̀ ni ọmọkùnrin kan, tí tíṣà kíláàsì ti sọ fún wa pé kì í lanu, ti pariwo láti ẹ̀gbẹ́ fèrèsé: “Àǹtí, ẹni tó bá ti jẹ mẹ́ẹ̀ẹ́dọ́gbọ̀n ti borí o! Kí ìkejì rẹ̀ kó gbogbo èyí tó kù, mẹ́tàlélógún péré ni.” Kò sẹ́ni tó bi í. Kò sí nínú lẹ́sìn nóòtù. Òun fúnra rẹ̀ ló gbé ìbéèrè dìde, tó sì fi ìyọkúrò dáhùn rẹ̀.

Ẹlẹgbẹ́ mi tí a jọ lọ wo iṣẹ́ náà kọ ọ́ sínú fọ́ọ̀mù pé àǹtí kò kápá kíláàsì rẹ̀, ó sì fún un ní máàkì tó ṣe rẹ́gí pẹ̀lú ohun tó kọ.

Ẹ jẹ́ ká wo ọmọ tí kì í lanu yẹn dáadáa, torí ọ̀dọ̀ rẹ̀ ni ẹjọ́ mi wà. Èdè Gẹ̀ẹ́sì ni wọ́n fi ń kọ́ ọ ní ìṣirò láti ọjọ́ yìí. Ọmọ tó jẹ́ pé ó gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ wá Gẹ̀ẹ́sì kàn kó tó lè sọ ohun tó ti mọ̀, yóò dákẹ́ ni. Tíṣà á wá yìn ín pé ọmọ jẹ́jẹ́ ni. Lọ́jọ́ tí àǹtí gbé ayò dé, tó sì fi Yorùbá ṣàlàyé, ẹnu rẹ̀ là. Ìdákẹ́jẹ́ tí a ń gbé máàkì fún, àìlèsọ̀rọ̀ ni nínú ọ̀pọ̀ kíláàsì wa. A kàn ń pè é ní ìgbọràn ni.

Ọmọdé gbọ́n, àgbà gbọ́n, ni a fi dá Ilé-Ifẹ̀. Àdúgbò Ifẹ̀ náà ni wọ́n ti dán ọ̀rọ̀ yìí wò. Ní 1970, Babs Fáfúnwá àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní Yunifásítì Ifẹ̀ bẹ̀rẹ̀ ètò ọlọ́dún mẹ́fà kan ní St. Stephen's “A” School ní Mọdákẹ́kẹ́. Yorùbá ni wọ́n fi kọ́ àwọn ọmọ ní gbogbo iṣẹ́, ìṣirò àti sáyẹ́ǹsì pẹ̀lú, láti prámárì kìíní títí dé ìkẹfà, Gẹ̀ẹ́sì sì jẹ́ iṣẹ́ kan láàrin iṣẹ́, tí olùkọ́ tirẹ̀ ń kọ́ wọn. Àwọn ọmọ yẹn kò rẹ̀yìn nínú Gẹ̀ẹ́sì, wọ́n sì ta àwọn ẹgbẹ́ wọn yọ nínú ọ̀pọ̀ iṣẹ́ yòókù. Láti ìgbà náà ni ìjọba ti ń fì síwá sẹ́yìn: ní 2022 wọ́n fọwọ́ sí i pé kí èdè abínibí jẹ́ èdè ìkọ́ni fún ọdún mẹ́fẹ̀ẹ̀fà, nígbà tó di 2025 wọ́n ní kí a pa á tì. Ọmọ TP kò sí níbi tí wọ́n ti ń ṣe ìpinnu wọ̀nyí. Òun ló máa dúró síwájú ọmọ tí kì í lanu.

Ẹnì kan lè ní, ibo ni a ti ń fi ariwo kọ́ ọmọ? Kó kọjá níwájú ilé-kéwú kan n'Íbàdàn. Ọmọ ogún, ọmọ ọgbọ̀n, tọ̀tún tòsì, wàláà lọ́wọ́ olúkúlùkù, kálukú ń ké ibi tirẹ̀ sókè lẹ́ẹ̀kan náà. Àlejò á rò pé kò sẹ́ni tó ń gbọ́ ohun tẹ́nì kan ń sọ. Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ kí ọ̀kan ṣi ọ̀rọ̀ kà: àlùfáà á na ọ̀pá sí i tààrà. Ẹni tó ń pàlọ́ ní ojúde náà kì í ní kí àwọn ọmọ fi ìka sẹ́nu. Bí wọn ò bá gbè é, àlọ́ ò lè lọ. Àti àlùfáà àti apàlọ́, etí wọn ló ń bá wọn ṣiṣẹ́.

Mo gbọ́ ohun tí àwọn tíṣà àgbà ń sọ sí èyí, ó sì lẹ́sẹ̀ nílẹ̀. Tíṣà tó ni kíláàsì ọjọ́ ayò yẹn, ìyá àgbàlagbà kan tí ìfẹ̀yìntì rẹ̀ kò jìnnà mọ́, pe ọmọbìnrin náà sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan lẹ́yìn iṣẹ́. Ó ní, “Ọmọ mi, o ṣeun. Ṣùgbọ́n bí táàmù yìí bá parí, wàá lọ, èmi ni wọ́n á fi wọ́n sílẹ̀ fún.” Ọ̀rọ̀ rèé! Ìlànà ètò ẹ̀kọ́ orílẹ̀-èdè wa ní kí olùkọ́ kan má ní ju ọmọ 35 lọ. Ẹ lọ ka iye tó wà ní ilé-ìwé ìjọba àdúgbò yín. Ọ̀pọ̀ ilé-ìwé náà ló jẹ́ gbọ̀ngàn gbọọrọ kan, tí ògiri tó wà láàrin kíláàsì sí kíláàsì kò kan òrùlé, àwọn mìíràn kò tilẹ̀ ní ògiri. Bí prámárì kẹta bá ń ta ayò, kí ni kí prámárì kẹrin tó ń kọ àkọtọ́ ṣe? Bí ọmọdé bá láṣọ bí àgbà, kò lè lákìísà bí àgbà. Ọmọ TP ní ọgbọ́n tuntun. Ọ̀fun tó ti ń ké láti nǹkan bí ọgbọ̀n ọdún kò tíì di tirẹ̀.

Síbẹ̀, ìyá náà gan-an ni ẹlẹ́rìí mi. Nígbà tí ariwo ayò fi ga jù, ó jókòó sí igun, ó ń kún rẹ́jísítà. Kò gbójú sókè. Lójijì ó ní, “Fún un ní ìdérí rẹ̀,” ọmọ kan lẹ́yìn lọ́hùn-ún sì dá ìdérí ìgò padà wéré. Nínú gbogbo ìhó yẹn, ó gbọ́ ohùn ìjà ọ̀kan ṣoṣo, ó sì mọ̀ pé àwọn yòókù ń ṣiṣẹ́ ni. Ìmọ̀ nìyẹn! Kò kọ ọ́ sínú ìwé kankan, kọ́lẹ́ẹ̀jì kò sì rán ọmọbìnrin yẹn sí i láti kọ́ ọ. Fọ́ọ̀mù wa kò mọ̀ pé irú rẹ̀ wà. Ọmọ TP á lo táàmù kan gbáko lẹ́gbẹ̀ẹ́ irú obìnrin bẹ́ẹ̀, pàṣán àti “ìka lẹ́nu” nìkan ni yóò rí kọ́ lọ́wọ́ rẹ̀, torí òun nìkan ni a ń béèrè.

Mi ò ní kí a dá ìjà àti ìranù sílẹ̀ láti máa jọba ní kíláàsì. Ibi tí àwọn ọmọ ti ń ju bàtà lu ara wọn, àǹtí kò kọ́ wọn ní nǹkan, kó gba máàkì tó tọ́ sí i. Ṣùgbọ́n sùpáfáísọ̀ tó dúró lẹ́nu ọ̀nà kò lè mọ ìyàtọ̀. Kó wọlé. Kó jókòó lórí bẹ́ǹṣì ẹ̀yìn láàrin àwọn ọmọ, kó gbọ́ ohun tí wọ́n ń bá ara wọn sọ kó tó mú bírò. Kí fọ́ọ̀mù bi í léèrè iye ọmọ tó lanu sọ̀rọ̀ nípa iṣẹ́ tí wọ́n ń ṣe, àti bóyá ọ̀kan wà nínú wọn tó béèrè ohun tí àǹtí kò kọ sílẹ̀. Kí tíṣà tó ni kíláàsì náà ní ojú ewé tirẹ̀ láti kọ ohun tó gbọ́, nítorí etí tirẹ̀ ló mọ̀ wọ́n jù.

Mo sọ èyí fún ẹlẹgbẹ́ mi nínú ọkọ̀ bí a ti ń padà bọ̀. Ó ní fọ́ọ̀mù ni fọ́ọ̀mù, ibi tí wọ́n fàlà sí fún òun lòun kọ nǹkan sí. Kò yí máàkì náà padà. Mi ò bá a jà, torí òótọ́ ló sọ nípa fọ́ọ̀mù. Àwọn tó ń tẹ̀ ẹ́ jáde lọ́dọọdún ni mo kọ àròkọ yìí sí.