Gbogbo ìbàdí dídùn kọ́ ni làkúrègbé o

Ẹ̀yin ará wa ní Kánò níbí àti gbogbo Òkè Ọya, tí ìbàdí bá ti ń dun èèyàn láàárín wa, kíá la máa ń pè é ní làkúrègbé tàbí jẹ̀díjẹ̀dí, ká wá ra àpòpọ̀ oògùn lọ́wọ́ àwọn tó ń ru oògùn kiri Sabon Gari. Èmi ò fara mọ́ ọn mọ́.

Ọmọ àbúrò mi ní ẹ̀jẹ̀ SS. Nígbà tó bẹ̀rẹ̀ sí í tiro, a ní òtútù ọyẹ́ ni (òtútù ìlú yìí náà ò kéré). Ó ń sọ pé ibi tí itan òun ti pàdé abẹ́ ló ń dun òun, nígbà mìíràn orúnkún. Oṣù mẹ́jọ la fi ń fi òróró wọ́ ọ. Ìgbà tá a wá ya x-ray, orí egungun itan tó wọ ihò ìbàdí ti rún. Dókítà ní ẹ̀jẹ̀ SS máa ń tẹ̀ bíi dòjé, á wá dí iṣan tín-ín-rín tó ń gbé ẹ̀jẹ̀ lọ síbẹ̀. Egungun tí ẹ̀jẹ̀ ò dé, kíkú ló ń kú. Ní báyìí, ìbàdí àtọwọ́dá ni wọ́n ń sọ. Níbo la ti fẹ́ rówó yẹn?

Èyí tó bà mí lẹ́rù jù ni pé dexamethasone àti prednisolone tí wọ́n ń kó sínú àpòpọ̀ yẹn, ara á fúyẹ́ lóòótọ́, ṣùgbọ́n téèyàn bá lò ó pẹ́, òun náà lè pa egungun yìí kan náà. Ẹni tí ò ní SS náà ò yọ. Ọtí àmujù náà ń ṣe é.

Mi ò ní làkúrègbé ò sí o. Àwa tá a ti ń gbé ìdì aṣọ láti kékeré, oríkèé wa lè ti jẹ. Tèmi tó ń fà láti ìdí wá sẹ́sẹ̀, eegun ẹ̀yìn ló ti wá. Màmá àgbà tó bá ṣubú tí ò lè dìde, ẹ má wọ́ ọ, egungun lè ti ṣẹ́.

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ lọ́mọ SS, tó bá ti ń tiro, ẹ gbé e lọ sí ọsibítù eegun ti ìjọba ní Dala. Tí ibà bá tún wọ̀ ọ́, ọjọ́ náà gan-an ni. Ẹ ní kí wọ́n yẹ ìbàdí wò dáadáa, torí x-ray lè má tètè fi hàn, MRI ló máa ń kọ́kọ́ rí i. Ẹni tó bá sì ti ń lo àpòpọ̀ yẹn tipẹ́, kó má kàn dá a dúró lójijì, kó sọ fún dókítà.