Ó Yẹ Kí Ẹni Tó Mọ̀wé Máa Kọ́ Ọmọ Tálákà Lọ́fẹ̀ẹ́

Yorùbá bọ̀, wọ́n ní ọmọ tí a kò kọ́ ni yóò gbé ilé tí a kọ́ tà. Ní ọdún 1955 ni ìjọba Ìwọ̀-Oòrùn Nàìjíríà sọ ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ di ọ̀fẹ́. Òfin ọdún 2004 sì sọ ọ́ di dandan jákèjádò orílẹ̀-èdè. Síbẹ̀, bí o bá gba ọjà Ìtòkú kọjá láàárọ̀ ọjọ́ ilé-ìwé, o lè rí ọmọ tó ń kiri omi láàárín àwọn aládìrẹ. Bí a kò tilẹ̀ gba owó ilé-ìwé, ta ni yóò ra ìwé àti aṣọ?

Àwọn kan ní iṣẹ́ ìjọba nìyẹn. Òótọ́ ni, ṣùgbọ́n kí ìjọba tó dé, ọmọ ń dàgbà. Ní ọdún 1944, ní Abẹ́òkúta yìí kan náà, Fúnmiláyọ̀ Ransome-Kuti àti ẹgbẹ́ rẹ̀, Abẹ́òkúta Ladies' Club, bẹ̀rẹ̀ sí í kọ́ àwọn obìnrin ọjà ní ìwé kíkà. Kì í ṣe ìjọba ló rán wọn.

Lójú tèmi, àkókò ju ẹ̀bùn lọ. Ẹni tó pín ìwé lẹ́ẹ̀kan, tó ya fọ́tò, tó lọ, kò tíì kọ́ ọmọ. Ẹni tó ń wá ní gbogbo ọjọ́ Sátidé ni ọmọ yóò tọwọ́ rẹ̀ mọ̀wé kà.

Nítorí náà, ìwọ tí o ń múra ìdánwò, bí o bá yege, wá ọmọ kan ládùúgbò rẹ, kí o máa kọ́ ọ. Díẹ̀díẹ̀ ni imú ẹlẹ́dẹ̀ ń wọgbà.